Ìkórè Òdòdó Tí Mo Pín Kárí Ẹ́sítéètì

Ilé rẹ, Ifákọ̀, Gbàgádà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Kẹ́misọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Báwo ni Àbújá? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni àwọn ọ̀gá rẹ? Ọlọ́run tó mú mi la ọ̀sẹ̀ yìí já láìrí òkú, òun ni yóò máa bá ọ jáde, tí yóò máa bá ọ wọlé. Òkè tí o ń gùn kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ kò ní bu oúnjẹ fún ọ. Ohun tí kì í ṣe oúnjẹ kò ní wọ inú rẹ láé, bó ti wù kó jọ oúnjẹ tó. Ṣe àmín sí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ni ọkùnrin tí ògiri ilé rẹ̀ kan ògiri ilé rẹ. Bí o kò bá dá a mọ̀, má tijú, òun náà ní òun kò dá ọ mọ̀, mọ́tò rẹ nìkan lòun mọ̀. Ó ń bọ̀ wá sí Àbújá fún iṣẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi mú ìwé dání, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yìí kọjá ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù. Fóònù wà o, ó wà lórí tábìlì, mo ti fi aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n ó máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo bá dé ibi tó ṣe pàtàkì. Èyí tí o ń pè ní fóìsì nóòtì yẹn tún burú jù. Mo gbọ́ ohùn rẹ tí o kí mi káàárọ̀, mo dá ọ lóhùn, mo bi ọ́ bí o ṣe sùn, o kò dúró gbọ́, ṣe lo ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ bí ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. Ó dùn mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Enoch tó ń ṣọ́ géètì ló ṣàlàyé fún mi pé ohùn tí o ti gbà sílẹ̀ ni, pé o kò sí nínú ẹ̀ mọ́ nígbà tí mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti dárí jì ọ́.

Àwọn ará ilé kí ọ. Àbúrò rẹ pè láti abúlé, ó ní àwọn ti gbin ẹ̀gẹ́ sí apá odò, ewúrẹ́ mi bímọ, òjò sì ti ṣí òrùlé ilé ìdáná díẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń gbìn ní Èkó. Ojú tì mí láti sọ pé òdòdó ni, mo bá ní àlùbọ́sà. Má dá mi lẹ́bi, nígbà yẹn n kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un. Nígbà tí o lọ gbé mi wá láti wá ṣọ́ ilé, o ní iṣẹ́ ibẹ̀ kò le, kí n ṣáà máa tọ́jú òdòdó tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn. O ní èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe oko, kí ni òdòdó fẹ́ ṣe mí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé ọjọ́ ogbó ni n óò tún padà di akẹ́kọ̀ọ́, tí n óò máa gba òdo.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu kì í ṣe òdòdó rárá. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo máa ń dúró sí ẹnu géètì rẹ láàárọ̀ kí n lè kí àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Kò sí èèyàn tó ń kọjá. Mọ́tò ló ń kọjá, gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo kí mọ́tò títí, mo wá mọ mọ́tò olúkúlùkù, n kò mọ ojú ẹnì kankan. O mọ̀ pé ojú máa ń tì mí láàárín àwọn tí n kò mọ̀, n kò lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò pè mí. Mo bá jókòó sẹ́yìn fèrèsé, mò ń wò wọ́n. Mo rí i pé obìnrin ilé kejì yìí, àyà ló ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n sí, ọmọ náà a sì máa wo iwájú bí awakọ̀. Mo rí i pé ilé tó wà ní kọ́nà ní ajá tó ń jẹun jù mí lọ. Mo wo okùn aṣọ bàbá tó ń gbé ní ọ̀kánkán: ṣẹ́ẹ̀tì kan, sòkòtò kan, síńgílẹ́ẹ̀tì kan, kò sí ìró, kò sí bùbá, kò sí aṣọ ọmọdé. Mo sọ fún ara mi pé opó ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ pé kí o fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n máa lọ sílé, ohun tí mo ti jókòó wò láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni okùn aṣọ yẹn. O ní kí n ṣe sùúrù, pé òdòdó rẹ máa kú bí mo bá lọ.

Ọ̀rọ̀ òdòdó wá dé. Ọjọ́ kan ni Enoch gbé àpò wá, ó ní o rà á lórí fóònù, wọ́n sì ti gbé e dé géètì. Ó wúwo. Mo rò pé ìrẹsì ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbé ìkòkò ka iná kí n tó tú u. Kẹ́misọ́lá, erùpẹ̀ ni. O fi owó ra erùpẹ̀. Ìwọ, ọmọ bàbá tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ láti etí odò títí dé ìdí igi ìrókò, erùpẹ̀ ni wọ́n dì sínú àpò fún ọ, wọ́n tún kọ orúkọ sí i lára. Mo jókòó sórí àpò náà títí omi fi gbẹ lórí iná. Mo pinnu pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni lábúlé, pàápàá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára.

Èyí tí o ń pè ní gàdéníà, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ìyá ìjọ tó ti rìn lọ sí ìlú òyìnbó, òun ló kọ́kọ́ fi ìyà jẹ mí. Mo bá a nínú ìkòkò, ewé rẹ̀ ń dán, ìrudi sì kún orí rẹ̀. Mo wò ó pé oòrùn ń pa á, mo gbé e wọlé. Mo wò ó pé ilé ṣókùnkùn, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Mo wò ó pé atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀, mo gbé e sí ìdí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ilé tútù, kó lè sinmi. Bí mo ṣe ń gbé e káàkiri tó ni ìrudi ń jábọ́ lórí rẹ̀ bí eyín ọmọdé, ewé rẹ̀ sì ń pọ́n bí ojú aláàárẹ̀. O ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa fún un ní tíì. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Òdòdó tó ń mu tíì. Ní ilé bàbá mi, àlejò láti ìlú nìkan ni wọ́n ń po tíì fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ẹni ni, mo po ó, mo fi mílíìkì sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo fẹ́ ẹ kó má bàa jó o, mo rọra dà á sí ìdí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo èèrà Kóṣọ́fẹ́ ti wá kí i. Wọ́n tò láti ògiri ẹ̀yìn wá bí ẹni tí wọ́n fi ìwé pè síbi ìsìnkú. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ṣúgà kò tó, ni wọ́n ṣe ń wá a kiri. Mo tún fi kún un.

Èkejì rẹ̀, gìládíólà, ìyẹn ló yé mi, ìyẹn náà ló sì pa mí. Ó jáde nílẹ̀ bí idà, ó gùn, nígbà tó sì fẹ́ wó mo fi igi tì í bí a ṣe ń fi igi ti iṣu. Nígbà tó là, ó pupa, ó funfun, ọ̀kan lókè ìkejì, mo gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ oko. Ẹ̀wà a máa yọ òdòdó, ilá a máa yọ òdòdó, àlùbọ́sà náà a máa yọ ọ́. Ìkéde ni òdòdó jẹ́, ohun tí wọ́n ń kéde ló yẹ kéèyàn dúró dè. Ìwọ fúnra rẹ lo tún wá ránṣẹ́ pé nígbà tí ewé bá ti gbẹ, kí n wú u, kí n gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ nù, kí n sá a síbi tí atẹ́gùn wà, kí n sì tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ. Ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ibi tí o ti sọ pé kì í ṣe jíjẹ. Wú u, sá a, tọ́jú rẹ̀. Ta ló ń tọ́jú ohun tí kò ní jẹ?

Mo wú u. Ó ṣe ribiti, ó wọ ẹ̀wù gbígbẹ bí àlùbọ́sà, ó sì bí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí ìdí. Inú mi dùn débi pé mo kọ orin. Kí n lè mọ irú àlùbọ́sà tó jẹ́, mo mú ẹyọ kan lọ sí Mile 12, mo fi han ọkùnrin Haúsá kan tó jókòó sórí àpò àlùbọ́sà bí ọba. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha á, ó jù ú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà gbóòórùn rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń tẹ̀lé ọkọ̀ láti Sókótó wá, òun kò rí irú rẹ̀ rí, pé níbo ni mo ti rí i. Mo ní ọmọ mi ló rà á, inú páálí tó ní àwòrán lára ló ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, tiyín ti ju tiwa lọ, ẹ lọ jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn olówó. Òótọ́ ni mo pe ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Mo padà dé Ifákọ̀ pẹ̀lú ìgbéraga.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà láyé. Àkọ́so kì í wọ ẹnu wa kó tó dé ilé ọ̀tún àti ilé òsì. Ó ní ẹni tó bá dá àkọ́so jẹ, òun nìkan ni yóò dá gbogbo èyí tó kù jẹ, títí kan ìyà. Torí náà n kò tọ́ ọ wò. Mo yọ tìrẹ sọ́tọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo pín èyí tó kù sínú àwọn abọ́ rẹ tó dára, àwọn tí o ní kí n má fọwọ́ kàn. Mo bu epo pupa tí mo gbé wá láti ilé sínú ìgò kéékèèké, mo fi ìgò kọ̀ọ̀kan ti abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè fi sè é. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àkọ́so dání kì í ṣe alágbe, mo kan géètì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbi tó pọ̀ jù, ọmọ ọ̀dọ̀ ló jáde gbà á. Obìnrin ilé kejì, tí wọ́n ń pè ní Mummy Vivian, na ọwọ́ láti inú géètì, ó ní ẹ ṣé Mà, ojú rẹ̀ wà lára fóònù. Bàbá ọ̀kánkán nìkan ló jáde fúnra rẹ̀, Daddy Ògúntúndé lorúkọ rẹ̀. Ó ṣí abọ́, ó wo inú rẹ̀, ó tún wo ojú mi, ètè rẹ̀ mì, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé ebi ti pa bàbá yìí pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí gàdéníà, mò ń po tíì, ni mo gbọ́ tí wọ́n ń gbá géètì. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò gbá a rí, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi ilé ni. Mummy Vivian ni, ọmọ wà láyà rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Mama, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fún wa jẹ. Ó ní òun ti gé ọ̀kan, òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ láti bi àwọn ọ̀rẹ́ òun bí wọ́n ṣe ń sè é, fóònù òun bá dá orúkọ rẹ̀ sọ. Ó ní fóònù ní òdòdó ni, kì í ṣe jíjẹ, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú rẹ̀ máa dàrú.

Kẹ́misọ́lá, mo wo fóònù náà. Kò tọ́ ọ wò. Kò gbóòórùn rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n bí sínú òwò àlùbọ́sà gbé e sí imú, kò mọ̀ ọ́n, fóònù ṣáà ṣíjú wò ó ó sì mọ̀ ọ́n mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù fóònù bà mí lọ́jọ́ yẹn. Òun ni mo ṣe fi aṣọ bo tèmi.

Ẹ̀rù náà kò tíì tán tí èyí tó jù ú lọ fi dé. Mo rántí abọ́. Mo rántí ilé tí mo kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú epo. Mo ti ń gbọ́ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́, pé ìyá Kẹ́misọ́lá ti oko wá, ó fi abọ́ ọmọ rẹ̀ bu ikú fún gbogbo ẹ́sítéètì, ó sì kí wọn pé ẹ kú ìjẹun. Mo ju ife tíì nù, mo sáré jáde láìwọ bàtà. Mummy Vivian sáré tẹ̀lé mi, ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

Ní ilé alájá, wọ́n ti tò ó sínú àwo gíláàsì lórí tábìlì, wọ́n rò pé nǹkan ẹ̀ṣọ́ ni, mo dúpẹ́. Ní ilé tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nínú ẹ̀rọ ìlọta pẹ̀lú ata àti tòmátì, ọmọ ọ̀dọ̀ ti nawọ́ sí bọ́tìnnì. Mo pariwo. N kò pariwo sí ọmọ ọlọ́mọ rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo pariwo, ó sì fò sẹ́yìn. A dà á nù. Àwọn tó kù ti jù ú sínú fíríìjì, wọn kò tiẹ̀ tíì wo ohun tó jẹ́. Ó wá ku Daddy Ògúntúndé.

A gbá ilẹ̀kùn rẹ̀, kò dáhùn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, kò dáhùn. Enoch ní òun kò rí i kó jáde láti àná tó ti gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n pè é lórí fóònù. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọ mi, gbogbo wọn ló di fóònù mú, àwọn kan di méjì mú, fóònù tó mọ gbòǹgbò inú ilẹ̀ lórúkọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó ní nọ́ńbà bàbá tó ń gbé ní iwájú wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù láti ìgbà tí mo ti wọ Èkó nìyẹn, ó ju erùpẹ̀ inú àpò lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé bí bàbá yìí bá kú, kí ó má ṣe kà á sí ọ lọ́rùn, èmi ni kó bi. Mò ń rántí bí ètè rẹ̀ ṣe mì. Mo sọ sókè pé ebi ló ń pa á, ó sì jẹ ẹ́ torí pé èmi ni mo fún un. Àwọn èèyàn ti jáde, gbogbo àwọn tí mo ti kí mọ́tò wọn, mo wá ń rí ojú wọn nígbà tí n kò fẹ́ kí wọ́n rí tèmi. Enoch gbé àkàsọ̀ wá, ó ti gun ìgànná dé àárín, ni a gbọ́ tí ẹnìkan láti ẹ̀yìn ilé ń bèèrè pé ta ni olè tó ń gun ìgànná òun lọ́sàn-án gangan.

Daddy Ògúntúndé ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di pupa, erùpẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Mo sáré dì í mú, mo ti gbàgbé pé ojú máa ń tì mí. Mo ní Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pọ̀ ọ́, ẹ fi ìka sí ọ̀fun. Ó ní kí lòun fẹ́ pọ̀. Mo ní ohun tí mo gbé wá lánàá, pé kì í ṣe oúnjẹ, òdòdó ni, àṣìṣe ni mo ṣe. Ó ní ká máa bọ̀.

Ó mú wa gba ẹ̀yìn ilé. Ìkòkò ọbẹ̀ ló tò síbẹ̀, Kẹ́misọ́lá. Ìkòkò ńlá, ìkòkò kékeré, kẹ́tùrù, abọ́ ìpo-ẹ̀kọ, gbogbo ohun tí obìnrin fi ń dáná, ó ti bu erùpẹ̀ sí gbogbo wọn, ó sì ti gbin gìládíólà rẹ sí wọn nínú níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ìyàwó mi ló máa ń gbìn ín nígbà tí a ń gbé ní Kétu. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sí ẹni tó gbé òdòdó wọ ilé yìí. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni.”

Ọmọ àyà Mummy Vivian nìkan ló ń sọ tirẹ̀. Bàbá náà fi aṣọ nu ọwọ́, ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun ti ń rò láti àná tí kò yé òun ni epo pupa. Ó ní ìyàwó òun kò fi epo sí i rí, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé àgbẹ̀ ló gbé e wá, òun ti kán díẹ̀ díẹ̀ sí ìdí wọn. Mummy Vivian ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ́sítéètì.

Kí n máa sọ òótọ́, n kò gba èyí tó wà nínú ìkòkò yẹn padà, n kò sì ní gbà á. Àwọn tí mo rí gbà padà nínú fíríìjì pàápàá, àwọn tó ni fíríìjì tún wá bẹ̀ mí lẹ́yìn pé àwọn náà fẹ́ gbìn ín, kí n wá kọ́ àwọn. Èmi! Mo ní kí wọ́n lọ bá Daddy Ògúntúndé. Tìrẹ tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ṣì wà, kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé wàá rí ìyókù láti ojú fèrèsé rẹ, ilé ọ̀tún, ilé òsì, àti ọ̀kánkán. Bàbá rẹ ì bá ní mo ṣe é dáadáa.

Bàbá náà wá wo gàdéníà. Ó rí èèrà, ó rí ife tíì, ó bi mí bóyá mò ń fún un ní búrẹ́dì pẹ̀lú. Ó ní tíì tó tutù lásán ni, láìsí mílíìkì, láìsí ṣúgà, àti pé kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó ní èyí tó burú jù ni pé mò ń gbé e kiri. Ó ní òdòdó yìí, bí wọ́n bá ṣí i nípò, inú máa ń bí i, á máa ju ìrudi rẹ̀ nù títí tí yóò fi mọ ibẹ̀ nílé. Ó ní kí n mú ojú kan fún un, kí n sì fi í sílẹ̀ kó mọ̀ ọ́n. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí èmi náà máa ń jókòó. Òwúrọ̀ àná ni ìrudi kan tó ti rọ̀ mọ́ ọn là. Funfun ni, bí aṣọ ìsàmì. Òórùn rẹ̀ kọjá ògiri, Mummy Vivian sì pè mí láti òdìkejì, ó ní Mama Kẹ́mi, kí lẹ̀ ń sè.

Owó díẹ̀ ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ kí n tó dákẹ́. Àtúnṣe òrùlé ilé ìdáná lábúlé kò le púpọ̀, bí o bá rí nǹkan fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ. Tèmi, owó ọkọ̀ tí mo ní kí o fi ránṣẹ́ kí n máa lọ sílé, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi ra erùpẹ̀ fún mi. Àpò ńlá ni kí o rà, torí Daddy Ògúntúndé ti bu gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tán, ó sì ku ìkòkò kan. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbọ́.

Ibi tí wọ́n bá gbé ọ sí, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ yóò ti mú. Ohun tó bá fẹ́ là lórí rẹ kò ní jábọ́. Wàá gbìn, wàá kórè, wàá rí ẹni bá ọ jẹ ẹ́, bó bá ṣe é jẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpèkẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ yẹn, Bánjí ni orúkọ rẹ̀, òun ni bàbá Vivian. Fún un lómi mu. Béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.